Wi-Fi pòórá lẹ́yìn update Linux: mú owó ẹ dání ná

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dell tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Ubuntu 24.04 ló wà lórí ẹ̀. Alẹ́ àná ni mo ṣe update. Nígbà tí mo tàn án láàárọ̀ yìí, Wi-Fi ti lọ. Kì í ṣe pé kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Àmì Wi-Fi gan-an ni kò sí lókè mọ́. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní káàdì ẹ̀ ti jó, kí n lọ wá owó káàdì tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, mú owó ẹ dání ná. Káàdì lè jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣiṣẹ́ títí o fi lọ sùn, tó wá dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí kernel yí padà, kò tíì yẹ ká gbẹ́ sàréè fún un. Ẹlẹ́rìí kan ṣì wà nínú ilé tí a ò tíì pè: kernel àtijọ́.

Kernel ló wà láàárín ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun tí ò ń lò lórí ẹ̀. Káàdì Wi-Fi, spíkà, skírínì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní driver tiẹ̀. Dírẹ́bà lèmi máa ń pè é, torí iṣẹ́ kan náà ni: ọkọ̀ tó dára tí kò ní dírẹ́bà, ibi tí wọ́n páàkì ẹ̀ sí náà ló máa wà. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ló ń gbé inú kernel fúnra ẹ̀. Tí kernel bá ti yí, àwọn náà á bá a yí. Àwọn díẹ̀ ń gbé ìta. Àwọn yẹn, ìgbàkígbà tí kernel tuntun bá dé ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún wọn kọ́ kí wọ́n lè bá a mu. Ètò kan tó ń jẹ́ DKMS ló ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. O ò ní mọ̀ pé ó wà, àfi ọjọ́ tí kò bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Ubuntu kì í ju kernel àtijọ́ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pa láptọ́ọ̀pù, tún un tàn. Bí orúkọ Dell bá ti ń kọjá lójú ẹ̀, tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan; lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tí kò ní UEFI (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà ìgbàlódé), Shift ni wàá tẹ̀ mọ́lẹ̀. Má gbá Esc bí ẹni ń lu gángan o. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ jù, ojú dúdú tó kọ grub> sílẹ̀ ni wàá bọ́ sí. Kọ reboot síbẹ̀, tẹ Enter, kó o tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú àkójọ tó bá jáde, mú "Advanced options for Ubuntu", kó o wá yan nọ́ńbà tó kéré sí èyí tó wà lókè pátápátá, èyí tí kò ní "recovery mode" lára.

Tí Wi-Fi bá padà, káàdì ò jó. Tí kò bá padà, a ó jọ wá ìdí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n! Ó padà o! 6.11 ni mo yàn, 6.14 ni èyí tí kò ṣe é. Ṣé kí n kúkú máa bá 6.11 lọ báyìí?

Ìdáhùn: Fún òní, bẹ́ẹ̀ ni. Má kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí Ubuntu 24.04 jáde ní April 2024, kernel 6.8 ló bá a wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi èyí tó jù ú lọ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lórí ìlà HWE (ìlà àwọn tó ń gba kernel tuntun nítorí ẹ̀rọ tuntun): 6.11, lẹ́yìn náà 6.14. Bí 6.14 bá ti gba ipò, kò sẹ́ni tó ń dí ihò ààbò inú 6.11 mọ́. 6.8 ni wọ́n ń bá a tọ́jú lọ. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn kó má ṣe dúró ní agbede méjì, kó lọ sí 6.8. Àṣẹ yìí á gbé e wọlé, inú "Advanced options" ni yóò ti yàn án:

sudo apt install linux-generic

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O wà lórí 6.11, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ṣí terminal (ojú tí a ń kọ àṣẹ sí):

lspci -nnk | grep -iA3 network
dkms status

Èkíní á dárúkọ káàdì àti dírẹ́bà tó ń wà á. Èkejì á sọ kernel tí DKMS ti kọ́ dírẹ́bà fún. Fi èsì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.

Ìbéèrè: Èkíní ní Broadcom BCM43228, "Kernel driver in use: wl". Èkejì mú ìlà kan ṣoṣo jáde, 6.11 ló wà níbẹ̀, "installed". Kò sí 6.14 rárá. Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: wọ́n mú iná lọ nígbà tí update ń lọ lọ́wọ́, bátìrì mi ò sì gbé ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó kú mọ́ iṣẹ́.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú lo fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀!

Ó ti yé mi báyìí. wl jẹ́ ọ̀kan lára àwọn dírẹ́bà tó ń gbé ìta. Láti ọdún 2015 ni Broadcom ti gbé ẹ̀yà tó kẹ́yìn jáde, 6.30.223.271. Àwọn tó ń ṣe Ubuntu, Debian àti àwọn yòókù ló ń lẹ̀ ẹ́ níbi tó bá ti ya, kó lè bá kernel tuntun mu. Lálẹ́ àná, 6.14 ti wọlé, ó ku kí DKMS kọ́ wl fún un, iná lọ. Ọkọ̀ dé, dírẹ́bà ò dé. Parí iṣẹ́ tí iná dá dúró, ṣùgbọ́n lọ síbi tí iná tó ṣeé gbọ́kàn lé wà kó o tó tẹ ohunkóhun:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt update
sudo apt full-upgrade
sudo apt install linux-headers-generic-hwe-24.04

Àṣẹ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún ìwọ. Ti headers yẹn, ìwọ̀n ara kernel ni. Télọ̀ tí kò ní ìwọ̀n ò lè gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni DKMS. Lẹ́yìn náà, tún wo dkms status. Tí 6.14 ò bá tíì fara hàn, pàṣẹ fún un ní tààràtà. Àṣẹ ls /lib/modules á fún ọ ní nọ́ńbà tí wàá fi dípò XX:

sudo dkms autoinstall -k 6.14.0-XX-generic

Tó bá kọ̀, fáìlì make.log á wà lábẹ́ /var/lib/dkms. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀. Wá ìlà àkọ́kọ́ tó ní "error", torí àwọn tó kù sábà máa ń jẹ́ ariwo tí ìyẹn dá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kóòdù dírẹ́bà ni kò bá kernel mu, má bá a jà, 6.8 wà níbẹ̀.

Fún ẹlòmíràn tó bá wà nírú ipò yìí tí kernel àtijọ́ ò sì sí níkàáwọ́: fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó o tan USB tethering lórí fóònù. Dátà á wọlé láìsí Wi-Fi.

Ìbéèrè: Ó ti ṣe é o, lórí 6.14! Àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn náà ló ṣe é. Kí ni kí n wá sọ fún ẹni tó ní káàdì ti jó?

Ìdáhùn: Kí i dáadáa. Wàá ṣì nílò ẹ̀ fún bátìrì yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Fídíò ìnáwó ni mò ń bá àwọn èèyàn gé, lórí Ubuntu. Lẹ́yìn update kernel, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà wá tóbi rẹpẹtẹ, skírínì kejì ò tàn mọ́, nvidia-smi, àṣẹ tó ń yẹ káàdì àwòrán NVIDIA wò, ní òun ò lè bá driver sọ̀rọ̀. Mo ti fi kernel àtijọ́ tàn án, bákan náà ni. Ọmọ mi ní kí n fọmáàtì ẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ má fọmáàtì nǹkan kan. Ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fúnra yín. Tí àrùn kan náà bá wà lórí kernel méjèèjì, ó ṣòro ká di ẹ̀bi ru kernel. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń kọjá lọ níbi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n tún ṣe sí kọ̀ǹpútà yẹn lọ́sẹ̀ yìí?

Ìbéèrè: Aago ẹ̀ ló máa ń padà sẹ́yìn, mo wá ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ bátìrì kékeré inú ẹ̀.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni kí a wá a sí, mà. Tí wọ́n bá yọ bátìrì yẹn, ètò BIOS (èyí tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Ubuntu tó dé) lè padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà náà, kí Secure Boot tí ẹnì kan ti pa tẹ́lẹ̀ sì tún tàn. Secure Boot dà bíi géètì-máànù: dírẹ́bà tí kò bá ní ìwé tí ó mọ̀, kò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

mokutil --sb-state
sudo modprobe nvidia

Tí èkíní bá ní "SecureBoot enabled", tí èkejì sì ní "Key was rejected by service", a ti mú un. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tí Ubuntu fi ń buwọ́ lu dírẹ́bà han géètì-máànù náà:

sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der

Á béèrè password tuntun. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ojú búlúù kan á yọ. Ẹ tètè tẹ bọ́tìnì kan, torí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló ń dúró. Tó bá kọjá, ẹ ó tún àṣẹ yẹn pa ni. Ẹ mú "Enroll MOK", "Continue", "Yes", ẹ tẹ password orí bébà yẹn, ó parí. Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú pa Secure Boot nínú BIOS. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì yá, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá.

Ìbéèrè: Ohùn ò jáde mọ́ látìgbà tí mo ti ṣe update. "Dummy Output" nìkan ló wà nínú Settings.

Ìdáhùn: Ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ò rí káàdì ohùn kankan. Lo sudo dmesg | grep -iE "sof|firmware". Tó o bá rí "failed with error -2", fáìlì firmware kan (ètò kékeré tí káàdì náà fi ń ṣiṣẹ́) ni kernel ń wá tí kò rí. Ṣe update linux-firmware àti firmware-sof-signed, kó o pa á, kó o tún un tàn.

Ìbéèrè: Tèmi ò tilẹ̀ wọlé. "Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)" ló kọ, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ju ohun tó wà nídìí ẹ̀ lọ. Ó sábà máa ń jẹ́ pé initramfs kernel tuntun (àpò kékeré tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó rí dísìkì) ò sí tàbí kò pé, torí pé /boot, àyè tí àwọn kernel ń gbé, ti kún nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì wọn pa nígbà tí wọ́n ń gbé Ubuntu sórí ẹ̀ ló ń rí i jù, nítorí /boot tiwọn dá wà, kò sì tóbi. Fi kernel àtijọ́ wọlé, wo df -h /boot. Tó bá kún, sudo apt autoremove --purge á kó àwọn kernel tó ti gbó dànù. Lẹ́yìn náà:

sudo update-initramfs -c -k 6.14.0-XX-generic
sudo update-grub

Má fi ọwọ́ pa fáìlì inú /boot rẹ́ fúnra ẹ o. Kernel tó o wà lórí ẹ̀ yẹn gan-an lo lè pa.

Ìbéèrè: Arch, Linux mìíràn, ni mò ń lò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe update tán pẹ̀lú pacman -Syu, mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kò rí i.

Ìdáhùn: Arch kì í fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bíi Ubuntu, ó ti kó module (àwọn dírẹ́bà) kernel tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kúrò nílẹ̀. Tún un tàn, wàá rí fláàṣì ẹ. Kó o sì fi linux-lts (kernel tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́) kún un lónìí, kó o tún GRUB, ètò tó ń gbé àkójọ kernel jáde, ṣe kó lè mọ̀ ọ́n, kí kernel kejì lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èyí tó o ń lò bá kọ̀ láti dìde.