Igi ìdáná tó mú wa la ìgbà òtútù já

Mo ti pé ẹni ọdún 72, ìyàwó mi jẹ́ 69. Àwa méjì péré la wà nílé oko wa, àwa àti adìẹ mẹ́jọ pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́ta. Sítóòfù onígi kan ṣoṣo ló ń mú ilé náà gbóná. Bí iná rẹ̀ bá kú lóru tí omi ti dì gbagidi níta, kí ilẹ̀ tó mọ́, a óò ti máa rí èémí ara wa nínú yàrá.

Ìgbà òtútù tó ṣáájú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé. Igi tútù ni mo ń dá. Ìgbà tí ewé ti ń já bọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, mo rò pé oṣù méjì á tó o láti gbẹ. Kò tó o rárá. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi, iná á sì kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kí ooru tó kan ènìyàn. Ṣe ló ń hó ṣìì nínú sítóòfù, tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Èéfín irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí ọ̀dà, ọ̀dà náà sì máa ń gbiná. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró nínú páìpù bí ẹni pé ìjì ńlá ń jà níbẹ̀. Mo ti gbogbo ojú atẹ́gùn sítóòfù pa, mo fa ìyàwó mi lọ́wọ́, a bọ́ sínú yìnyín níta, mo sì pe àwọn panápaná. Wọ́n dé kí iná tó ran òrùlé. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó la ẹnu, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ojú wa ò gbọdọ̀ tún rí irú èyí mọ́."

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e kí yìnyín tó yọ́ tán. Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò bá mi fi ẹ̀rọ agégi gé àwọn igi tí ìjì wó lẹ́yìn ilé, ó gé wọn sí gígùn tí sítóòfù lè gbà. Láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Lílà rẹ̀ ni mo gbà. Ààbọ̀ wákàtí ní àràárọ̀, ó parí. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi, ẹ̀yìn àgbà ò sì ṣe é fi ṣeré.

Ohun tó gbà mí jù ni taya ọkọ̀ àtijọ́ kan. Mo gbé e lé orí kùkùté tí mo fi ń la igi, mo wá ń to igi ṣìkìtì sínú rẹ̀. Bí àáké bá ti bà á, tó là, ẹ̀là rẹ̀ á dúró sínú taya, kò ní fò lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tẹ́lẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ láti ṣa ẹ̀là igi ló máa ń dá mi ní ìbàdí ju àáké lọ. Bí igi bá sì tóbi, mi ò kì í kọlu àárín rẹ̀ mọ́. Etí rẹ̀ ni mo ti ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí máa fi dé àárín.

Orí pákó ni mo to ó sí, kó má kan ilẹ̀, mo kọ èèpo rẹ̀ sókè. Orí òkìtì nìkan ni mo bò. Mo ti máa ń fi ọ̀rá bò ó látòkè délẹ̀ rí, ó sì ń hu ebu lábẹ́ rẹ̀, nítorí atẹ́gùn ló ń gbẹ igi, òòrùn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mo tún sún òkìtì náà mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ogójì ìṣísẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti di méjìlá. Lórí omi dídì, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹsẹ̀ àgbà.

Nígbà tí òtútù kọ́kọ́ yọjú, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú ẹ̀là méjì, mo fi ọ̀kan lu èkejì. Èyí tó gbẹ ń dún kọ́ọ́, èyí tó tutù ń dún bùù. Ẹnu igi tiwa ti sán, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Mo tún la ọ̀kan sí méjì, mo gún ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi sí ojú ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là: 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ti ju 20 lọ, mi ò ní dá a. Ìyàwó mi gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti bá wa gbo inú páìpù, a sì gbé aago tó ń kìlọ̀ nípa afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn sítòsí yàrá tí à ń sùn.

Ní ti iná dídá fúnra rẹ̀, mo yí ọwọ́ padà. Igi ńlá ló ń wà nísàlẹ̀, kéékèèké lé e, wẹ́wẹ́ lé ìyẹn, orí pátápátá ni mo ń ṣáná sí. Iná á máa jẹ wálẹ̀, èéfín kì í sì pọ̀. Bí páìpù bá ti tutù jù, mo máa ń kọ́kọ́ jó bébà kan sí ẹnu rẹ̀ nínú sítóòfù kó lè gbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ tútù á ti èéfín padà sójú wa.

Ẹ̀là márùn-ún ni mò ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe mẹ́wàá. Igi ọjọ́ méjì máa ń wà nínú ilé, nítorí ọjọ́ ìjì yìnyín. Mo so okùn mọ́ ògiri títí dé ilé adìẹ, mo sì ń de irin onísọ́nsọ́ mọ́ abẹ́ bàtà. Eérú ń lọ sínú garawa irin onídèérí, a sì ń gbé e jìnnà sí ilé, nítorí ẹyín iná lè wà láàyè nínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan.

Láàárọ̀ yìí, yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé ilé adìẹ. Mo ka igi tó ṣẹ́ kù: ìlà kan àti ààbọ̀. Ìyàwó mi wà lójú fèrèsé, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé taya padà sórí kùkùté.