Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ To Kọ̀ǹpútà Fúnra Yín, Ẹ Yé Fi Owó Ṣòfò Báyìí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, géèmù ń wọ́ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ graphics card RTX 4060 ló wà nínú rẹ̀." Mo yí ẹ̀yìn àpótí náà síta. Ara motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó lé, ló ki wáyà HDMI tó ń gbé àwòrán lọ sójú screen bọ̀, dípò ara graphics card, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù, tó fi owó oṣù mélòó kan rà. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bú u díẹ̀. Èkíní nìyẹn.

Èkejì: ẹ má ra RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ní ẹyọ kan ṣoṣo. 16GB méjì yá ju 32GB ẹyọ kan lọ, torí ọ̀nà méjì ni processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, á máa gbà kó ẹrù. Bí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ processor ni ẹ sábà máa ń lò. Ìwé tó bá motherboard wá sọ bẹ́ẹ̀, ìwé tí ẹ jù sínú páálí yẹn.

Ẹ̀kẹta: lẹ́yìn tí ẹ ra DDR5, ìran RAM tuntun, tí wọ́n kọ eré 6000 sí lára, ẹ wọ inú BIOS, ojú ètò tí ẹ ń wọ̀ kí Windows tó dé, lọ tan EXPO tàbí XMP tó ń jẹ́ kí RAM sá eré tí wọ́n kọ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 4800 ni ọ̀pọ̀ wọn á máa sá. RAM ti di ọ̀wọ́n gógó báyìí, àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń kó chip lọ, Micron pàápàá kéde ní December 2025 pé àwọn ń pa RAM Crucial tí àwa mẹ̀kúnnù ń rà tì. Ẹ wá ra nǹkan báyìí tán, ẹ ò lò ó tán.

Ẹ̀kẹrin ni power supply, ẹ̀yà tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, ibi tí inú ti ń bí mi gan-an nìyí. Èèyàn á ra graphics card olówó gọbọi, á ra àpótí onígíláàsì tó ń tan iná pupa tan iná aró bí ilé ọtí. Tó bá wá ku power supply, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tó pọ́ọ́kú jù." Ẹni tó dá agbádá sányán tó wá fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ so ṣòkòtò ni.

Wọ́n á kọ 650W gàdàgbà sí i lára. Ẹ má wo ìyẹn. Ẹ wo àtẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wá +12V, ẹ wo iye ampere tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 25A, 300W nìyẹn, ibẹ̀ sì ni processor àti graphics card ti ń jẹun. 350W tó kù ńkọ́? Ó wà lórí páálí. Ojúlówó 650W sábà máa ń ní nǹkan bíi 54A níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì "80 Plus Gold" nìkan tàn yín: bí iná ṣe ń ṣòfò tó ló ń wọ̀n, kò sọ pé ó lè gbà yín lọ́wọ́ NEPA.

Ẹ jẹ́ kí n bú ara mi náà. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo tò, power supply tó bá àpótí wá lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo lò. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ wá wò ó. NEPA mú iná lọ, àbúrò mi tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ké sókè, ó rọlẹ̀, ó tún ké sókè. Mo gbọ́ "pòó!" Mo ṣì ń gbọ́ òórùn yẹn dòní. Ká ní òun nìkan ló kú ni, ì bá má dùn mí. Ó fa motherboard àti hard disk lọ́wọ́ lọ, iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì mi sì wà lórí hard disk yẹn. Mo lọ bá ẹni tó ta àpótí náà. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ power supply kò tíì tán. Ẹ má mú wáyà power supply kan ki òmíràn, bó tilẹ̀ wọlé wẹ́kú, torí oníkálukú ló ń to iná tirẹ̀ síbẹ̀. SSD méjì, disk ìgbàlódé tó ń yá, ni mo fi kọ́gbọ́n yẹn. Ẹ̀yin oní-UPS àti oní-inverter, ẹ béèrè bóyá pure sine wave ni, ìyẹn iná tó ń lọ geere. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, power supply tó dára gan-an lè kú pí nígbà tí NEPA bá lọ.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́.

Ẹ bó ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ cooler, ohun tó ń mú processor tutù, kí ẹ tó gbé e lé e. Processor Intel tí F parí orúkọ rẹ̀, bíi 12400F, kò ní graphics nínú, bí ẹ ò bá ra graphics card, ẹ má pè mí pé ojú screen dúdú. Motherboard AM5, ti processor AMD, kì í gba DDR4, ìran RAM tó ṣáájú DDR5. Tí ẹ bá ń ra graphics card àlòkù ní Computer Village, kí wọ́n fi géèmù tó wúwo dán an wò níṣojú yín kí owó tó jáde lápò.

Bí kọ̀ǹpútà ò bá sì tàn rárá, ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn power supply, kó wà lórí I, kó má wà lórí O. Lọ́dún tó kọjá, mo tú kọ̀ǹpútà oníbàárà kan palẹ̀ fún wákàtí méjì, mo yọ RAM, mo yọ processor, òógùn ń ro. Ìyàwó ọkùnrin náà gbé omi wá fún mi, ó na ìka sí ẹ̀yìn àpótí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"