Sírọ́ọ̀pù Olóòórùn Dídùn ti Ìgbà Ìwọ́wé: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Sè É Nílé

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ se sírọ́ọ̀pù yìí, ìyẹn omi ṣúgà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sínú kọfí tàbí tíì, omi èròjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sè, kí ọ̀rọ̀ ṣúgà tó dé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á da omi, ṣúgà àti gbogbo èròjà sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé e ka iná fún ogún ìṣẹ́jú, omi á máa gbẹ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ iye tó gbẹ. Sírọ́ọ̀pù á wá ki jù. Kó tó lo ọjọ́ mélòó kan nínú fíríìjì, ṣúgà á ti padà dì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Yàtọ̀ síyẹn, omi tí ṣúgà ti kún inú rẹ̀ kì í tètè fa adùn jáde lára èròjà bí omi lásán ṣe ń fà á. Ẹ jẹ́ kí omi lásán ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó wá fi ṣúgà tó bá a mu sí i.

Adùn tí wọ́n ń pè ní ti ìgbà ìwọ́wé ní Amẹ́ríkà, sínámónì ni baba rẹ̀. Atalẹ̀, kànáfùrù, nọ́tímẹ́gì àti allspice ló ń tẹ̀ lé e. Allspice kì í ṣe àdàlù o, bí orúkọ rẹ̀ tiẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀: èso igi kan ṣoṣo ni, wọ́n sá a gbẹ, ó sì rí roboto. Elégédé tí wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ ọn kò pọn dandan rárá. Kọfí elégédé tí Starbucks, ilé iṣẹ́ kọfí ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2003, ọdún 2015 ni wọ́n tó fi elégédé sínú sírọ́ọ̀pù rẹ̀. Sínámónì àti àwọn èròjà ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ń gbọ́ òórùn wọn látọjọ́ yẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa lò fún nǹkan bíi 650 mìlílítà:

- omi, 500 mìlílítà
- igi sínámónì 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ntímítà 8
- atalẹ̀ tútù, 40 gíráàmù, kẹ́ ẹ gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ (tó bá mọ́, ẹ má wulẹ̀ bó o)
- kànáfùrù, hóró 8
- allspice, hóró 10
- nọ́tímẹ́gì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, ìdajì ṣíbí tíì
- ṣúgà funfun, 250 gíráàmù, àti ṣúgà búráùn, 150 gíráàmù
- iyọ̀, ìwọ̀n tí ọmọ ìka méjì lè fún
- fànílà olómi, ṣíbí tíì 1

Ẹ wá síkéèlì tó ń ka gíráàmù. Ife kan ṣúgà búráùn tẹ́ ẹ kì mọ́lẹ̀ wúwo ju ife kan tẹ́ ẹ kàn bù lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Oríṣi sínámónì méjì ló wọ́pọ̀, wọn ò sì rí bákan náà. Cassia nípọn, ó le, èèpo kan ṣoṣo ló sì ká wọnú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti Ceylon fẹ́lẹ́, èèpo rẹ̀ pọ̀ lórí ara wọn, ẹ sì lè fi ọwọ́ rún un. Cassia ló ta lẹ́nu jù, òun ni kọfí dúdú kì í bò mọ́lẹ̀. Ti Ceylon rọra dùn, ó dáa fún tíì àti wàrà gbígbóná. Cassia ní èròjà kan tó ń jẹ́ coumarin nínú ju ti Ceylon lọ dáadáa, èyí tó lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá tó bá pọ̀ lára. Ẹni tó máa mu sírọ́ọ̀pù yìí lójoojúmọ́, ti Ceylon ni kó rà.

Ẹ gbé ìkòkò gbígbẹ tí ìdí rẹ̀ nípọn ka iná kékeré, ẹ da sínámónì, kànáfùrù àti allspice sí i, kẹ́ ẹ máa mì ín. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì ti tó. Ẹ má wo àwọ̀ wọn, imú ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ wọn: bí òórùn wọn bá ti ń bá yín lórí ìdúró láìjẹ́ pé ẹ tẹrí ba, ó ti yá. Bẹ́ ẹ bá rí èéfín, ó ti jóná, ìkorò rẹ̀ kò sì ní kúrò bó ti wù kí ṣúgà pọ̀ tó. Ẹ dà á nù kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀. Ẹ ṣẹ́ sínámónì sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi ìdí ife tẹ allspice kó là, ṣùgbọ́n kó má di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ da omi sí i, ẹ kó atalẹ̀ sí i, ẹ gbé e padà. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù títí tí ìhó náà fi máa rọlẹ̀, tó jẹ́ pé èéhó kọ̀ọ̀kan ló kàn ń yọjú létí ìkòkò, kẹ́ ẹ wá dé e. Ìdérí yẹn ṣe pàtàkì. Òórùn tó kún ilé ti bọ́ kúrò nínú ìkòkò nìyẹn, kì í padà sínú sírọ́ọ̀pù mọ́.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ fi ṣíbí yọ kànáfùrù kúrò. Adùn kànáfùrù tètè ń jáde, tó bá sì pẹ́ jù, á gbé gbogbo èyí tó kù mì, ahọ́n á máa kú tìpì bí ìgbà tí wọ́n fi òògùn eyín sí i. Sínámónì ní tiẹ̀ kì í yára, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí i. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2, ẹ da nọ́tímẹ́gì sí i. Ẹ pa iná, ẹ má ṣí ìdérí fún ìṣẹ́jú 20.

Ẹ má gbìyànjú láti gé àkókò atalẹ̀ kúrú tó bá jẹ́ pé kọfí oníwàrà lẹ fẹ́ fi sírọ́ọ̀pù náà sí. Atalẹ̀ tútù ní èròjà kan tó máa ń jẹ́ kí wàrà dì, iná ló ń pa á. Èyí tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 25 ò lè ba wàrà jẹ́ mọ́.

Tó bá kan sísẹ́, ẹ fi asẹ́ kó igi àti èso kúrò ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ ti fi omi rẹ. Ẹ má fún aṣọ náà. Ohun tó ń jáde nígbà téèyàn bá fún un ni ẹrẹ̀ tó máa ń mú sírọ́ọ̀pù dúdú bàìbàì. Ẹ fi omi náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 nínú ife gíga. Ẹ ó rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rọra tò sí ìsàlẹ̀ bí erùpẹ̀ pupa. Ẹ rọra da èyí tó là lókè, kẹ́ ẹ fi ṣíbí kan tó kẹ́yìn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá wọn omi náà. Tí kò bá pé 400 gíráàmù, ẹ bu omi gbígbóná kún un. Ẹ dà á padà sínú ìkòkò mímọ́, ẹ kó ṣúgà méjèèjì àti iyọ̀ sí i lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó. Ohun tẹ́ ẹ ń wá kò ju kí ṣúgà yọ́ lọ. Ẹ fi ṣíbí bu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa á wò: tó bá ṣì ń họ ọwọ́ bí iyanrìn, kò tíì yọ́ tán. Tó bá ti ń yọ̀ bọ̀rọ́, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 1 péré, ẹ pa iná. Ìgbà tó bá kúrò lórí iná ni fànílà tó máa wọlé, torí pé orí iná ni òórùn rẹ̀ máa ń fò lọ. Ẹ ṣọ́ra ní gbogbo àsìkò yìí: sírọ́ọ̀pù gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń jóni ju omi gbígbóná lọ.

Ìdí tá ò fi lo ṣúgà búráùn nìkan ni pé omi ìrèké dúdú tó wà nínú rẹ̀ lágbára, ó máa ń bo sínámónì mọ́lẹ̀. 150 gíráàmù fún un ní àwọ̀ àti ìjìnlẹ̀ adùn láì gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ki díẹ̀, tó sì máa pẹ́ jù, kó lo 600 gíráàmù ṣúgà fún 400 gíráàmù omi yẹn, kó sì fi ìdajì ṣíbí tíì omi ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù sí i bó ṣe ń hó. Ọsàn yẹn máa ń tú ṣúgà díẹ̀ sí ìpín méjì, èyí ni kì í jẹ́ kó tètè padà dì. Ẹ má kọjá ìwọ̀n yìí. Omi tútù ò lè gba ṣúgà tó ìyẹn tí omi gbígbóná gbà, èyí tó bá ṣẹ́ kù á padà di hóró nínú fíríìjì. Bó bá ti dì lọ́wọ́ yín, kò tíì bàjẹ́: ẹ gbé ìgò náà sínú omi tó lọ́ wọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí òun náà gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ṣíbí ìjẹun omi kan sí i, kẹ́ ẹ mì ín títí tó fi máa yọ́.

Ìyẹ̀fun sínámónì ló ń fa ẹjọ́ tó pọ̀ jù. Kì í yọ́ nínú omi. Ó máa ń mu omi, á wú, tó bá sì hó pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ilá, á sì dí aṣọ asẹ́ pa. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ẹ ṣe àwọn èròjà tó kù bá a ṣe sọ, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ tó da ṣíbí tíì kan ààbọ̀ ìyẹ̀fun sí i. Kò gbọ̀dọ̀ hó. Ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, ẹ rọra da èyí tó là lókè sínú bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí, ẹ fún un ní sùúrù kó kán tán, kẹ́ ẹ tó wá wọn ṣúgà.

Tí adùn bá le jù, sírọ́ọ̀pù lásán, omi àti ṣúgà dọ́gba, ni kẹ́ ẹ fi là á. Ẹ má fi omi nìkan là á, torí bí ṣúgà bá ti dín kù, kì í pẹ́ bàjẹ́. Tí kò bá ta tó, ẹ gbé e gbóná, ẹ ki igi sínámónì tuntun kan bọ̀ ọ́ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi igi náà sílẹ̀ nínú ìgò nítorí ẹwà. Á máa korò lọ, ibi tó bá sì yọrí sókè lórí sírọ́ọ̀pù ni ìbu ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ se ìgò onígíláàsì nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ rọ sírọ́ọ̀pù gbígbóná sí i nígbà tí ìgò náà ṣì gbóná, nítorí pé ìgò tútù lè là. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Nínú fíríìjì, èyí tí omi àti ṣúgà rẹ̀ dọ́gba á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó ki á lo nǹkan bí oṣù méjì. Bó bá ń yọ ìfófò, tó ń rùn bí ọtí, tàbí tí nǹkan funfun bò ó lójú, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má ha òkè rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ wá lo ìsàlẹ̀.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ elégédé: ẹ bu ìdajì sírọ́ọ̀pù náà sọ́tọ̀, ẹ po 60 gíráàmù elégédé tẹ́ ẹ ti sè tẹ́ ẹ sì ti lọ̀ kúnná mọ́ ọn, ẹ gbé e ka iná fún ìṣẹ́jú 5. Á ki, á sì máa tò sí ìsàlẹ̀, ẹ máa mì ín kẹ́ ẹ tó dà á. Ọ̀sẹ̀ kan ni tiẹ̀ nínú fíríìjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbé e pamọ́ síta nínú ìgò tẹ́ ẹ dé pa, torí elégédé kò kan lẹ́nu bí ọsàn, kòkòrò tó léwu lè dàgbà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rùn.

Ṣíbí ìjẹun kan sí méjì ló tó ife kọfí 240 mìlílítà. Ṣíbí kan sírọ́ọ̀pù tí omi àti ṣúgà rẹ̀ dọ́gba ní nǹkan bíi gíráàmù 9 ṣúgà nínú. Nínú kọfí tútù, ẹ da sírọ́ọ̀pù sí i kí yìnyín tó wọlé, kó lè pò dáadáa.

Igi sínámónì àti atalẹ̀ tẹ́ ẹ sẹ́ kúrò ṣì lè se tíì lọ́jọ́ náà: ẹ fi 500 mìlílítà omi tuntun sè é fún ìṣẹ́jú 15. Kò ní ta tó fún sírọ́ọ̀pù mọ́, ṣùgbọ́n fún ife tíì méjì, ó tó.