Bí mo ṣe ṣa ọ̀bẹ kíká tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tà ní Kàbà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta irinṣẹ́ oko ní Kàbà. Láìpẹ́ yìí ló ra ọ̀bẹ kíká lọ́pọ̀, irú ti àtijọ́ tí kò ní ohun kankan tó ń dì í mú bí kò ṣe sípíríǹgì ẹ̀yìn èèkù rẹ̀. Àwọn tó ń lẹ ọ̀mùnú kájú mọ́ igi kájú mìíràn ní Ìyàrá àti Ìsánlú ló ń béèrè fún un. Ó ní, "Àbúrò mi, bá mi ṣà wọ́n. N ò fẹ́ kí oníbàárà kankan padà wá bá mi jà."

Ọwọ́ ló ń to púpọ̀ nínú irú ọ̀bẹ yìí. Wọ́n á to irin, idẹ, egungun àti sípíríǹgì pọ̀, wọ́n á fi ìṣó kàn án, wọ́n á wá fá gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ibi tí ọwọ́ bá ti ṣiṣẹ́, àbùkù díẹ̀ ò ní ṣàì sí, orúkọ tó wà lára irin ò sì ní kó má sí. Láti 1938 ni òfin ti wà ní Jámánì pé ọ̀bẹ tí wọ́n bá ṣe ní Solingen nìkan ló gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kì í dí àlàfo. Ohun tí mo ń wá ni àbùkù tó máa ba iṣẹ́ jẹ́ tàbí tó máa ṣe ènìyàn léṣe.

Ṣíṣí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kán epo sí oríkèé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣí i, mo ń pa á dé. Àwọn kan le débi pé wọ́n fẹ́ ya èékánná mi, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn rọ̀ nígbà tí epo wọlé. Èyí tó rọ̀ jù ló bà mí lẹ́rù. Bí ènìyàn bá ń ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ igi tí sípíríǹgì ò sì dì í mú, orí ìka ló máa ká sí. Mo yọ gbogbo irú wọn sọ́tọ̀, bó ti wù kí wọ́n dán tó.

Mo gbé wọn sókè síbi fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá láàárín sípíríǹgì àti idẹ bá tín-ín-rín bí irun, mo gbà á. Bí etí owó bébà bá wọ ibẹ̀, oje kájú náà á wọ ibẹ̀, inú á sì dógùn-ún láìsí ẹni tó rí i. Àwọn tí irin wọn ń mì sọ́tùn-ún sósì, mo gbé wọn lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan. "Ọ̀kun o, bàbá." Wọ́n gbé oríkèé lé owú, wọ́n rọra lu orí ìṣó náà, wọ́n mì ín wò, wọ́n tún lù ú. Ó dúró.

Èyí tó gba àkókò mi jù ni ọ̀kan tó rẹwà gan-an, tó ní ìwo dúdú léèkù. Mo yí ẹnu rẹ̀ sí iná. Ẹnu tó mú kì í dán. Ibi tó bá kú ló máa ń dán. Mo rí ojú kan bíńtín tó ń tàn ní àárín. Mo pọ́n ọn títí ojú náà fi pòórá. Mo wá jẹ́ kí sípíríǹgì fúnra rẹ̀ pa á dé, kà! Nígbà tí mo tún ṣí i, ojú náà ti padà síbi tó wà. Ẹnu rẹ̀ ń kan sípíríǹgì nínú èèkù. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ gé ọsàn lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń lẹ kájú ò lè fara mọ́ ọn: ibi tó kú náà á ya èèpo dípò kó gé e, abẹ́ èèpo igi méjèèjì tó tutù ò ní kanra, ọ̀mùnú á sì gbẹ.

Àǹtí mi fẹ́ kó wà lórí tábìlì. Àwọn tó fẹ́ yọ ni àwọn tí egungun ẹ̀gbẹ́ kan pupa ju ìkejì lọ. Mo ní, "Àǹtí, egungun ni, wọn kì í gba aró bákan náà. Ẹ wo ìdí ìṣó." Ibẹ̀ ni ìsán tín-ín-rín wà lára méjì, ọyẹ́ á sì là á gbòòrò. Irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kàn fẹ́lẹ̀ ju ìkejì lọ, òkúta ìpọ́n á tún un ṣe. Irin tó ṣú díẹ̀ náà ò ní àléébù, oje kájú ṣì máa mú un ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpẹtà pupa tó ti jẹ ihò ni n ò gbà.

Ẹni tó ta ọ̀bẹ náà fún Àǹtí gbà láti gba àwọn tí mo yọ sọ́tọ̀ padà, ó sì ní ká kọ ohun tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bébà tá a máa fi wé e. Àǹtí ń wé, mo ń kọ: sípíríǹgì ò dì í mú, àlàfo pọ̀, egungun ti sán nídìí ìṣó, ẹnu ń kan sípíríǹgì.