Bẹ́ ẹ ṣe lè gun Snowdon nígbà òtútù

Tíwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ bá fẹ́ gun Snowdon ní Wales nínú yìnyín, ẹ tètè jí o, torí ní December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú. Mítà 1,085 lòkè yẹn ga. Ẹ má wọ jíǹsì rárá, tó bá ti rin kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ọ̀nà Llanberis ló rọrùn jù àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé Clogwyn, ìyẹn ibì kan lójú ọ̀nà yẹn, yìnyín lè ti dì bíi gíláàsì, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣubú kú, irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà àti àáké yìnyín lẹ máa lò, kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ nílé o. Ẹ gbé tíì gbígbóná dání (èmi, àmàlà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn lókè). Tí ọ̀rẹ́ ẹ bá ń gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, òtútù ti mú un jù nìyẹn, ẹ yáa sọ̀ kalẹ̀.