Bí mo ṣe mú sikánà onípọ́ọ̀tù parallel ṣiṣẹ́ lórí Linux

CanoScan N640P ni sikánà tí mo ní lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ tó jáde nígbà tí USB ṣì ń wá ibi jókòó sí. Kò ní ojú USB rárá. Wáyà tó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ ní irin 25, la fi ń so ó mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ fún mi pé kí n jù ú nù, pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Mi ò gbà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere, iná rẹ̀ ń tàn, mọ́tò rẹ̀ ń lọ geere. Dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, nìkan ni kò ní. CD tó bá a wá kò lè yanjú ìyẹn, torí dráífà 32-bit ló wà nínú rẹ̀, Windows 64-bit kì í sì í gba irú dráífà bẹ́ẹ̀ wọlé. Linux ni mo gbé e lọ, sọ́dọ̀ SANE, àkójọ dráífà ọ̀fẹ́ tó ṣì ń tọ́jú àwọn sikánà tí kò sí lórí àtẹ mọ́.

Nínú SANE, canon_pp ni dráífà tó mọ sikánà yìí. Òun náà ló ń bójú tó FB320P, FB620P, FB330P, FB630P àti N340P. Kí ẹ yẹ ara sikánà yín wò dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tí orúkọ wọn parí sí U, bíi N650U, ti USB ni wọ́n, dráífà tiwọn sì yàtọ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan dráífà, pọ́ọ̀tù ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè: wọ́n á wa dráífà kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sikánà ò ní dáhùn, wọ́n á tún wá òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe pọ́ọ̀tù yìí níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ti kọ̀ǹpútà lọ sórí ìwé lórí wáyà mẹ́jọ. Ohun tó ń padà bọ̀ kò ju kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ pé òun ti ṣe tán, tàbí pé ìwé ti tán nínú òun. Sikánà wá yí gbogbo rẹ̀ padà, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹrù ti ń wá. Ọdún 1994 ni wọ́n fi ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní IEEE 1284 to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, tí ọ̀nà bíi EPP àti ECP, tí ẹrù ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀, fi di ohun tí gbogbo ẹ̀rọ lè jọ lò. Bí pọ́ọ̀tù kò bá sí ní ọ̀nà tó yẹ, dráífà tó dára jù lọ láyé kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Inú BIOS, ibi ìṣètò tí kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kà bó bá ń tàn, ni wọ́n ti ń yan ọ̀nà yìí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án, mo wọ BIOS, mo wá ibi tí wọ́n kọ Parallel Port sí. Disabled ni mo bá níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ti lo pọ́ọ̀tù náà pẹ́. Mo yan ECP, mo fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí 378 àti IRQ, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń pe àkíyèsí kọ̀ǹpútà, sí 7. ECP ni mo yàn torí pé òun ni canon_pp mọ̀ ọ́n lò, yàtọ̀ sí ọ̀nà tó lọ́ra jù tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní pọ́ọ̀tù yìí, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ ra wáyà tó ń so USB mọ́ parallel. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àwọn jẹ́. /dev/usb/lp0 ni yóò yọ, /dev/parport0 tí sikánà nílò kò ní yọ láéláé. Káàdì PCI tàbí PCIe tó ní ojú parallel ni kí ẹ wá. Àdírẹ́sì tirẹ̀ kì í ṣe 378, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ló máa ń rí i fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì kankan lé e lórí.

Lẹ́yìn BIOS, mo tú ìdè tó di orí sikánà mú, mo so wáyà rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì ṣì wà ní pípa, mo tan sikánà kí n tó tan kọ̀ǹpútà. Pọ́ọ̀tù yìí kì í ṣe USB tí a ń fà yọ, tí a ń kì bọ̀ bó ṣe wù wá. Ẹ̀rọ lè jóná bí a bá ṣe é nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Mo wá pe àwọn ẹ̀yà kernel tó ń bójú tó o:

sudo modprobe parport_pc
sudo modprobe ppdev
sudo dmesg | grep parport

Ìlà tí mo ń wá jáde:

parport0: PC-style at 0x378 (0x778), irq 7, dma 3 [PCSPP,TRISTATE,COMPAT,ECP,DMA]

Ẹ fara balẹ̀ ka ìlà yẹn. 0x378 ni àdírẹ́sì tí mo yàn nínú BIOS. 0x778, tó fi 0x400 ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni ibi tí ECP ń gbé. Bí ẹ kò bá rí i, BIOS kò tíì gbà. Nínú àmì ìkámọ́ onígun ni ọ̀rọ̀ gan-an wà: ECP gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ PCSPP àti TRISTATE nìkan lẹ rí, kernel ò tíì mọ IRQ ni. Ẹ ṣe fáìlì kan sínú /etc/modprobe.d, kí ẹ kọ èyí sí i, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn:

options parport_pc io=0x378 irq=7

Ẹlòmíràn wà tó máa ń du pọ́ọ̀tù yìí mọ́ sikánà lọ́wọ́. lp ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yà kernel tó wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí ó bá ti fìdí kalẹ̀ sórí parport0, kernel kì í jẹ́ kí ètò mìíràn dá pọ́ọ̀tù náà lò, sikánà á kàn dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nílé. Mo yọ ọ́ pẹ̀lú sudo rmmod lp. Ṣùgbọ́n yóò padà wá nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn. Lórí Debian tèmi, fáìlì cups-filters.conf tó wà nínú /etc/modules-load.d ló ń pe lp, ppdev àti parport_pc pọ̀. Mo fi # síwájú lp nìkan, mo fi àwọn méjì tó kù sílẹ̀ torí mo nílò wọn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kàn. ls -l /dev/parport0 fi hàn mí pé root, ìyẹn ọ̀gá àgbà lórí kọ̀ǹpútà, ló ni fáìlì náà, ẹgbẹ́ lp sì láǹfààní láti kà á àti láti kọ nǹkan sí i. Orúkọ ẹgbẹ́ yìí bá ti ẹ̀yà kernel tí mo yọ dọ́gba, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ má fòyà. Mo fi orúkọ tí mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà kún ẹgbẹ́ náà:

sudo adduser orúkọ-yín lp

Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò, kí ẹ tún wọlé, torí kò ní ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń lo sudo fún gbogbo nǹkan láti yẹra fún ìgbésẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Àwòrán tí root bá yà, root ló ni ín, ẹ ó sì máa bá a fa wàhálà lójoojúmọ́.

Ìsinsìnyí la tó dé orí dráífà fúnra rẹ̀. Mo fi sane-utils àti xsane sórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣí /etc/sane.d/dll.conf, mo wá ìlà tí wọ́n kọ #canon_pp sí, mo yọ # kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́ ni, torí dráífà parallel tó ń wá sikánà tí kò sí lè da ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí pọ́ọ̀tù kan náà láàmú. Lẹ́yìn náà, mo ṣí canon_pp.conf nínú fódà kan náà, mo kọ ìlà méjì yìí:

ieee1284 parport0
init_mode FB630P

Ìlà kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Sikánà yìí máa ń sùn, dráífà ló ń jí i. Bó ṣe ń jí i ni pé ó ń gbá àwọn wáyà mẹ́jọ náà ní ìlù kan pàtó. Àwọn FB320P àti FB620P, 10101010 tẹ̀ lé 01010101 ni wọ́n ń gbọ́. Gbogbo àwọn yòókù, títí kan N640P tèmi, 11001100 àti 00110011 ni tiwọn. Bí ẹ bá fi í sí AUTO, dráífà á kọ́kọ́ dán ti FB630P wò, bí kò bá rí èsì á wá gbá ti FB620P. Ìyẹn dára fún ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn lórí pọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n sikánà yìí ní ojú kejì tí a lè so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́, ìlù tí kì í ṣe ti sikánà sì lè dé etí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kó máa tẹ ìranù jáde. Ẹ sọ irú èyí tí ẹ ní fún dráífà, kó má baà máa méfò.

Kí ẹ tó dán an wò, ẹ mọ̀ pé àṣẹ sane-find-scanner kò ní rí i. Òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun kì í sábà rí sikánà orí pọ́ọ̀tù parallel. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n á gbà pé sikánà ti kú. scanimage -L ni kí ẹ lò. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà, orí sikánà mi díẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, canon_pp:parport0 sì jáde pẹ̀lú orúkọ N640P. Inú mi dùn gan-an. Bí tiyín bá dákẹ́, ẹ kọ SANE_DEBUG_CANON_PP=10 síwájú àṣẹ náà lórí ìlà kan náà; dráífà á máa sọ ohun tó ń ṣe fún yín, ẹ ó sì rí ibi tó dúró sí.

Àwòrán àkọ́kọ́ tó jáde kún fún ìlà-ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Inú sikánà yìí, ọ̀wọ́ ojú kéékèèké ló tò láti etí gíláàsì kan dé èkejì, 600 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lé ní 5,000. Kò sí méjì nínú wọn tó ń ríran bákan náà, dráífà sì gbọ́dọ̀ mọ bí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣe rí. Nínú XSane, mo tẹ Calibrate, mo ní sùúrù títí ó fi parí. Ó tọ́jú èsì rẹ̀ sínú fódà .sane tó fara pamọ́ sínú fódà ilé mi, kò sì béèrè mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ojú ìwé funfun tí mo tún yà jáde ní funfun balau, ìlà-ìlà ti pòórá. Bí ọ̀pọ̀ oṣù bá kọjá, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìyára kù. Ojú ìwé A4 ní 300 dpi pẹ̀lú àwọ̀ jẹ́ pixel 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní gígùn, báìtì mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tó mẹ́gábáìtì 26. Nígbà mìíràn ìlànà ECP máa ń hàn pé ó wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á dúró láàárín ọ̀nà. Fún irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi force_nibble sínú canon_pp.conf: dráífà á pa ECP tì, á máa gba bíìtì mẹ́rin-mẹ́rin wọlé lórí àwọn wáyà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń sọ pé ìwé ti tán. Ó dájú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ní nǹkan bíi kílóbáìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ìwé yẹn á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ̀ lẹ ń yà, ẹ yan Grey. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù náà ni yóò kù, ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì tó o. ECP ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, nítorí náà mi ò nílò force_nibble. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ dúró lójijì, tí sikánà kò sì gbọ́ mọ́, ẹ pa á, ẹ fà á yọ lójú iná, ẹ tún un tàn.

Ẹni tí sikánà tirẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ohun gbogbo títí dé dll.conf kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Orúkọ dráífà ló máa yí padà. plustek_pp wà fún ọ̀pọ̀ OpticPro, mustek_pp wà fún bíi 600 CP àti 1200 CP, umax_pp wà fún Astra 1220P, 1600P àti 2000P. Ti umax_pp yìí, ẹ fi BIOS sí EPP tàbí ECP+EPP. Bí HP 3200C lẹ bá ní, umax_pp yìí kan náà ni kí ẹ lò, torí ara Astra 1220P ni wọ́n kọ orúkọ yẹn sí.