Pàǹtírí ọgbà oníbàárà: bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ di ajílẹ̀ dípò kí ẹ máa rù ú lọ sí ààtàn

Ibi tí a ti gé e gan-an ni ká ti yà á. Bí ẹ bá ti kó ewé gbígbẹ, koríko tútù, ẹ̀ka igi àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà pọ̀ sínú àpò kan, kò sí ẹni tí yóò jókòó tú u mọ́. Ààtàn ló ń lọ nìyẹn, owó epo ọkọ̀ láti Ìjàpọ̀ dé ọ̀nà Igbátòrò ní Àkúrẹ́ sì ti jẹ nínú èrè yín. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá tàbí tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ fún ẹ̀ka igi, kí ẹ sì to àpò ìrẹsì mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ti ewé gbígbẹ, ti koríko àti ewé tútù, ti ike àti ọ̀rá. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹnu ti ike, torí ọmọṣẹ́ tó ń kánjú kì í ka ohun tí a kọ sára àpò.

Kì í ṣe gbogbo koríko ló yẹ kí ẹ kó. Bí ẹ kò bá gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ, àgékù rẹ̀ a já sáàárín koríko tó kù, a sì jẹrà síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò bá ń rọ̀. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni kí oníbàárà fò yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹfà: koríko á ti ga, àgékù á lẹ̀ pọ̀ bí ẹní, ohun tó wà nísàlẹ̀ á sì pọ́n. Ìgbà yẹn, ẹ fi réèkì kó o. Ẹ wo ojú abẹ ẹ̀rọ náà. Bí orí koríko bá funfun, tó rí wúruwùru lọ́jọ́ kejì, abẹ ti kú, ó ń ya koríko ni, kò gé e. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sì ti ṣàlàyé fún onílé, nítorí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé iṣẹ́ kò tíì parí bí wọn kò bá rí àpò tó kún lẹ́nu géètì.

Ẹ̀ka igi tó bá nípọn tó ọrùn ọwọ́, àwọn tó ń fi igi dáná búrẹ́dì yóò wá gbé e fúnra wọn bí ẹ bá gé e ní ìwọ̀n mítà kan. Èyí tó tọ́, tó tó àtàǹpàkò, ọ̀pá tòmátì ni. Ti agúnmánìyè, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó hù di ọgbà. Wẹ́wẹ́ tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀ òkìtì.

Òkìtì ajílẹ̀ yìí ni iṣẹ́ gan-an. Bí ẹ̀yìnkùlé oníbàárà bá láyè, ibẹ̀ ni kó wà; bí kò bá láyè, ẹ wá ilẹ̀ kan tí ẹ ó máa kó ti gbogbo ilé lọ. Abẹ́ igi ló dára, lórí ilẹ̀ lásán tó ga díẹ̀ kí àgbàrá má bàa gbá a lọ, kó sì jìnnà sí kànga. Kó tó lè gbóná, ó gbọ́dọ̀ tó mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Èyí tó kéré sí i kò lè di ooru mú. Yóò jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èso koríko inú rẹ̀ kò ní kú, ẹ ó sì máa fọwọ́ ara yín gbìn ín kiri ilé oníbàárà.

Ẹ tẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ wọlé. Ẹ da ewé gbígbẹ lé e ní sẹ̀ǹtímítà 20, koríko tútù 10, ìgbẹ́ adìyẹ 3, ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ dúdú méjì, kí ẹ wọ́n omi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa tò ó títí yóò fi ga tó mítà kan. Ewé tíìkì, ti máńgò àti ti kajú máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn bí páálí, omi kì í wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ agékoríko gba orí wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lò wọ́n. Èèpo kòkó tí wọ́n ń dà nù lọ́nà Ìdànrè àti Oǹdó dára púpọ̀ fún un, ẹ ṣáà ṣá a wẹ́wẹ́.

Ní ti omi: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú rẹ̀, kí ẹ fún un pinpin. Bí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì bá yọ láàárín ìka yín, ó tó. Bí ó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín òkìtì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fà á yọ. Ó yẹ kó gbóná débi tí ẹ kò fi ní lè dì í mú pẹ́. Ooru tí à ń wá wà láàárín 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ yí i: kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín, kí ti àárín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá, yóò ti dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.

Imú yín ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ń ta yín nímú bí ìtọ̀, koríko tútù tàbí ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀ igi láti ilé ìlagi pò ó. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, omi ti dí ojú afẹ́fẹ́. Ẹ tú u, ẹ fi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ há a láàárín, kí ẹ sì na tapólì lé e lórí nígbà òjò, láìjẹ́ kó kàn án. Bí kò bá rùn, tí kò sì gbóná, ó gbẹ ni, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí ìkán bá wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbígbẹ yẹn náà ló fà á. Torí ìkán yìí kan náà, ẹ má ṣe tẹ́ ìyẹ̀ igi tàbí ẹ̀ka mọ́ ìdí ògiri ilé. Ìyẹ̀ igi tuntun tí ẹ bá sì pò mọ́ ilẹ̀ òdòdó yóò fa náítírójìn ilẹ̀ náà mu, ewé á pọ́n. Inú òkìtì ni ipò rẹ̀.

Gbòǹgbò ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ dé òkìtì láàyè. Ẹ sá a sórí páànù nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi fún oṣù kan, kí ẹ dé e pa nítorí ẹ̀fọn. Ẹ lè fi garawa omi mẹ́wàá la garawa kan omi rẹ̀, kí ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé Akíntọ́lá dára fún òkìtì bí ẹ bá gé e kó tó tanná. Koríko tí a fi oògùn apagi (èyí tó ń pa igbó eléwé fífẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í pa koríko) sí ńkọ́? Ẹ fi àgékù rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà fún ìgbà mẹ́ta tí ẹ bá gé e, nítorí ajílẹ̀ tó bá ní oògùn yẹn nínú máa ń ká ewé tòmátì kò.

Ike oògùn: bí ó bá ti tán, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú agolo ìfinko yín, kí ẹ fi í sí oko bí oògùn. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìṣó lu ike náà nídìí, torí ike tí a dá ihò lu nídìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ní lè bu epo pupa sí. Ẹ má ṣe sun ún. Ọ́ìlì dúdú inú ẹ̀rọ, inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni, kì í ṣe gọ́tà. Gọ́tà Àkúrẹ́ kì í pẹ́ dé odò Àlà.

Kí ẹ tó lo ajílẹ̀, ẹ gbin àgbàdo mẹ́wàá sínú rẹ̀. Bí èyí tó hù kò bá tó mẹ́jọ, tàbí tí ewé wọn pọ́n, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì olójú sẹ̀ǹtímítà kan. Fún ọ̀rá ìgbinrúgbìn, ajílẹ̀ kan, ilẹ̀ dúdú méjì, yanrìn odò kan. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí a lu ihò mẹ́rin sí nídìí tó fún òdòdó kéékèèké. Ohun tó bá ṣẹ́kù lójú asẹ́, ẹ dà á sínú òkìtì tuntun. Òkìtì náà yóò tètè gbóná.

Nínú ìwé owó, ẹ ya iye tí kíkó pàǹtírí yóò ná oníbàárà sọ́tọ̀ sí owó gígé koríko. Oníbàárà tó bá rí i pé òun lè yọ ìdajì rẹ̀ nípa fífún òkìtì láyè lẹ́yìn ilé kì í pẹ́ fọwọ́ sí i.